Ẹni Tí Ó Ka Oṣù Élodie Lódì

Èmi, Huguette Sẹ̀gilọlá Adéoyin, ọmọ bíbí Kétu, tí iṣẹ́ mi jẹ́ ṣíṣe sáìtì orí ayélujára, ni mo ń kọ ìwé ìhágún yìí. Kídìnrín ń bá mi jà, ṣùgbọ́n ọpọlọ mi pé, kò sì sí ẹni tó ń tì mí láti ẹ̀yìn. Ìhágún yòówù tí mo bá ti kọ ṣáájú, mo ti pa á rẹ́. Aïcha agbẹ̀bí àti Firmin, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni mo yàn láti pín ohun tí mo bá fi sílẹ̀. Kí ẹ̀yin méjèèjì má bẹ ẹnikẹ́ni, ẹ má sì gba ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ìkínní. Ilé mi tó wà lẹ́yìn ọjà Kétu, pẹ̀lú kànga àti igi ọsàn inú ọgbà rẹ̀, mo há a fún Élodie, ọmọ àbúrò mi Solange. Kí Solange máa bójú tó o títí ọmọ náà yóò fi dàgbà. Kò gbọdọ̀ tà á.

Ẹbí yóò béèrè ìdí tí mo fi fo àwọn ọmọkùnrin tó dàgbà jù ú lọ. Ìdí ni pé àṣìṣe kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ náà kí ó tó dé ayé, inú yàrá iwájú ilé yìí gan-an sì ni àṣìṣe náà ti jáde. Mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fúnra mi, kí irọ́ Euloge má baà di ìtàn ìdílé wa.

Euloge àti èmi jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá yẹn. A jọ ń gbé bí ọkọ àti aya, bí kò tilẹ̀ wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi rí. Ilé ìgbẹ̀bí aládàáni kan ní Idigny ní kí a ṣe sáìtì kan fún àwọn. Agbẹ̀bí yóò tẹ ọjọ́ tí aláboyún rí nǹkan oṣù kẹ́yìn sínú rẹ̀, sáìtì náà yóò sì ṣírò bí oyún ti pẹ́ tó títí di òní. Èmi ṣe gbogbo ohun tí ojú ń rí. Euloge gba ìṣirò ọjọ́, ó ní iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn.

Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ ni a ń kọ ṣáájú, oṣù a tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ tí Euloge gbé ìṣirò náà lé lọ́wọ́ ń kà á bí ará Amẹ́ríkà: oṣù ló ń ṣáájú. Ẹni tó bá máa yọ ọjọ́ kan kúrò nínú òmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún ẹ̀rọ èwo ni ọjọ́, èwo ni oṣù. Ọ̀lẹ ni Euloge, kò sọ ọ́. Bí ọjọ́ bá ju méjìlá lọ, ẹ̀rọ a kọ̀ ọ́, nítorí ọdún kò ní oṣù kẹtàlá. Euloge tún ìwọ̀nyẹn nìkan ṣe, nítorí àwọn nìkan ló ń pariwo. Èyí tí kò pariwo, ó fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo ní kí a dán an wò dáadáa, ó rẹ́rìn-ín: “Huguette, kí a yọ ọjọ́ kúrò nínú ọjọ́, ṣé ìyẹn náà ń fẹ́ ìdánwò?”

Solange lóyún. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá ni Aïcha tẹ̀ fún un, bí ó ti yẹ. Ẹ̀rọ kà á sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ, ó sì fi bí oṣù méjì kún oyún tí kò tíì gbó. Ìparí oṣù karùn-ún ni sáìtì tan iná pupa pé àkókò ti kọjá. Solange ń ké pé, “Oyún mi ò tíì tó o!” Ọ̀gá ilé ìgbẹ̀bí ní gbogbo aláboyún ló máa ń wí bẹ́ẹ̀, ó sì pàṣẹ kí wọ́n fún un lóògùn ìrọbí. Bí wọ́n ṣe fi ipá mú Élodie wá sáyé nìyẹn, kò tóbi ju òròmọdìẹ lọ, kò lágbára láti sunkún. Àyà ìyá rẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Èmi náà gbé e sáyà nígbà tí oorun bá ń gbé Solange lọ. Mo ń tẹ́tí sí èémí rẹ̀, mo sì ń bẹ̀rù kí n má gbọ́ òmíràn.

Nígbà tí wọ́n pè wá jọ láti wádìí, Euloge dìde, ó nàka sí Aïcha: “Agbẹ̀bí yìí ló tẹ ọjọ́ lódì.” Wọ́n lé Aïcha níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo padà sílé, mo ka iṣẹ́ Euloge láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì gbé e lọ síwájú ọ̀gá náà. Mo tẹ ọjọ́ Solange lójú rẹ̀, ó rí i bí oṣù ṣe gbapò ọjọ́. Ó ránṣẹ́ pe Aïcha padà, Aïcha ní òun kò wá mọ́. Euloge wò mí, ó ní, “Kí ló wá dé? Oṣù méjì péré ni.” Àṣálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kó ẹrù rẹ̀ síta.

Ìkejì. Alùpùpù mi, mo há a fún Aïcha, tó ń fẹsẹ̀ rìn gbẹ̀bí kiri abúlé Okpomèta báyìí.

Ìkẹta. Àwọn kọ̀ǹpútà mi di ti Ghislaine tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Kí ó má gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ tó bá ń sọ pé ìṣirò ọjọ́ rọrùn.

Ìkẹrin. Àwọn ewúrẹ́ mi di ti Firmin. Láti ìgbà tí àìsàn ti dá mi dùbúlẹ̀ ló ti ń béèrè àlàáfíà wọn ju tèmi lọ.

Ìkarùn-ún. Euloge gbọ́ pé mò ń kú lọ, ó ránṣẹ́ pé ìdajì ilé jẹ́ ti òun. Euloge, o kò ní bíríkì kan níbẹ̀. Àga tí o máa ń jókòó sí ni mo há fún ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. Ìwọ lo ṣẹ́ ẹ, o sì ní àwọn ọmọ ló ṣe é, nínú ilé tí kò sí ọmọdé.

Mi ò ní purọ́ níwájú ikú: mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Lọ́dún tí omi gba ọ̀nà Idigny, tí ibà ń pa mí, ó pọ̀n mí sẹ́yìn kọjá nínú ẹrẹ̀, ó ń kọrin kí n má baà sùn lọ. Ohùn rẹ̀ burú jọjọ. Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ìkẹfà. Kétu ni kí ẹ sin mí sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Ẹ má lé Euloge bí ó bá wá. Ẹ̀yìn ni kí ó dúró sí, kí ó má sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè bí àwa méjèèjì ti jọ gbé pẹ́ tó, kí Aïcha dá a lẹ́nu kọ́ kí ó tó fèsì, nítorí yóò ṣì í kà. Èmi mọ iye rẹ̀. Mò ń mú un lọ.

Mo fọwọ́ sí i ní Kétu, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 2025.

Huguette Sẹ̀gilọlá Adéoyin

Àwọn ẹlẹ́rìí tó rí mi nígbà tí mo fọwọ́ sí i:
Sidonie Dámiláre, olùkọ́, Kétu
Rachidi Ládélé, aránṣọ, Kétu