Àmín tí mo ṣe nínú ṣọ́ọ̀ṣì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Bí ìròyìn bá ń dé ibi tí ẹ wà, ẹ ti gbọ́ pé mo ti di onígbàgbọ́. Irọ́ ni. Mi ò ṣe ìrìbọmi, mi ò sì pa orúkọ tí ẹ sọ mí dà. Àárọ̀ yìí náà, mo kírun àsùbáà.

Ẹsẹ̀ ìyá mi ni ò gbé wọn dáadáa mọ́. Nígbà ayé yín, ẹ̀yin lẹ máa ń fi ọ̀kadà gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wọn. Ẹ ó jókòó sábẹ́ igi lẹ́nu géètì, ẹ ó máa fa tẹ̀sùbáà títí wọ́n á fi jáde. Èmi ò lè dúró lẹ́nu géètì. Bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á ṣubú. Mo bá wọlé, mo jókòó tì wọ́n. Pásítọ̀ gbàdúrà fún àwọn opó, mo ṣe àmín. Àmín náà jáde sókè.

Ẹnì kan gbé ọ̀rọ̀ náà dé mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ti ń pè mí ní Ààfáà Pásítọ̀ ládùúgbò. Lèmọ́mù fẹ́ kí n wá búra lọ́la, lọ́jọ́ Jímọ̀, pé mi ò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á gba iṣẹ́ ládàánì tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́, ẹlòmíràn á máa pe ìrun.

Mo kọ́kọ́ ń ka àwọn tó dúró tì mí. Àbúrò yín tó wà ní Kuta, ìyá ojúlé kejì... Mo ti jáwọ́. Àwọn mìíràn á gbè mí nínú yàrá, bí a bá dé gbangba, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Bàbá, ó rú mi lójú. Àmín yẹn kì í ṣe ojú ayé, mo fẹ́ kó gbà. Bó bá jẹ́ Ọlọ́hun tí mò ń pe àwọn èèyàn sí lójoojúmọ́ ló gbọ́ ọ, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi? Bí kì í bá ṣe òun, ta ló gbọ́ àdúrà ìyá mi nígbà tí àìsàn kọ́kọ́ dá yín wólẹ̀, tí ẹ tún dìde? Kí ló sì dá ẹ̀yin náà dúró níta ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Ṣé ẹ̀rù ni, àbí ọ̀wọ̀? Ẹ ò sọ fún mi, èmi náà ò bi yín.

Mi ò ní búra. Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá mi á na ọwọ́, màá sì dì í mú.

Bí ẹ bá gbọ́ ohùn ẹlòmíràn lọ́la, ẹ má rò pé mo sùn. Mo wà ní ìlà ẹ̀yìn, mò ń kírun.

Èmi ọmọ yín olórí kunkun, tí àárò yín ń sọ.