"A Dúpẹ́" Kì í Ṣe Ìdáhùn

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá, 2025

Àwọn nọ́ọ̀sì yunifásítì dé Apa, ìlú wa, lónìí. Wọ́n ti kárí Aradagun, wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Ègùn apẹja ní Ajido — mùsùlùmí, onígbàgbọ́, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ìbànújẹ́ tí kò lọ máa ń mú ara gbó ju ọjọ́ orí lọ, àti bóyá ìjọsìn ń fà á sẹ́yìn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Wọ́n gba ti Safiyat ìyàwó mi, Adú mi. Nọ́ọ̀sì Ìfẹ́ — Abẹ́rẹ́ ni mo sọ ọ́ — bi í bóyá inú rẹ̀ máa ń bàjẹ́. "Alihamudulilahi." Bóyá ó ń sùn dáadáa. "A dúpẹ́." Abẹ́rẹ́ kọ ọ́ pé kò sí ìbànújẹ́ kankan. Èmi jókòó tì í, mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, 5

Adú kò jẹun. Ó tún kọjú sí ògiri. Mo béèrè. Ó dúpẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Mo ti Jímọ̀ dé, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Èmi ni mo kọ́ Adú ní "a dúpẹ́" yẹn. Nígbà tí Khaleel ọmọ wa kú, àárọ̀ dalẹ́ ló fi ń sunkún. Èmi, olùkọ́ àgbà, alákọ̀wé, mo ní àìnígbàgbọ́ ni ẹkún náà. Mo ní kó máa dúpẹ́. Kò sunkún níwájú mi mọ́. Mo sọ fún gbogbo ayé pé àdúrà ti wò ó sàn. Irọ́! Ojú mi nìkan ni ẹkún náà sá fún.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo pe Abẹ́rẹ́ lórí fóònù. Mo ní ohun tó kọ kì í ṣe òótọ́. "A dúpẹ́" kì í ṣe ìdáhùn. Ilẹ̀kùn ni, òun la fi ń ti àlejò mọ́ta. Ó kígbe: "Yéè, Bàbá! Gbogbo àgbà Aradagun ló dúpẹ́! Àwọn ti Ajido tún fi Ègùn dúpẹ́!" Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú mi. Mo ní kó padà wá bi Adú. Mi ò ní jókòó níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Abẹ́rẹ́ dé. Mo dìde. Adú ní, "Bàbá Afeezat, ibo lẹ ń lọ?" Mo ní mo fẹ́ lọ wo àgbọn ẹ̀yìnkùlé. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ àgbọn yàtọ̀ sí ọ̀pẹ!"

Ìta ni mo wà títí wọ́n fi pe ìrun Alaásárì. Nígbà tí mo wọlé, Abẹ́rẹ́ ti lọ. Ojú Adú pọ́n. "Mo sọ fún un pé inú mi bàjẹ́. Pé ó ti pẹ́." Ó ń wò mí — ó ń retí ìwàásù. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi. Mo gbé e mì.

"Ṣé kí n bu omi wá?"

"Ẹ bù ú wá."

Abẹ́rẹ́ ti ní kó lọ rí dókítà nílé ìwòsàn lọ́jọ́bọ̀. Afeezat ọmọ wa ni yóò mú un lọ, kì í ṣe èmi. "Ẹ̀yin á kàn máa bá dókítà sọ gírámà." Òótọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 13

Wọ́n ti lọ láàárọ̀. Mo se ìrẹsì, ó jóná nísàlẹ̀, mo jẹ ẹ́ tán. Ó dùn. Afeezat pè: dókítà ní àìsàn ni ìbànújẹ́ náà, pé ó ní oògùn, kí ìyá òun sì máa padà wá bá àwọn sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ohùn Adú lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bá ẹlẹ́ja kan ṣe gbólóhùn asọ̀. Ohùn náà le!

Èsì ẹ̀jẹ̀ wa kò tíì dé. Kó máa bọ̀.

Mo kírun. N kò bẹ Ọlọ́run pé kó fi kún ìgbàgbọ́ Adú. Mo ní kó jẹ́ kí oògùn náà ṣiṣẹ́.