Igi Bọ́púlù Ìyá Wa àti Ajá Rẹ

Òpópónà Jákárándà,
Gímpì, Kuínsílándì.
Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Karùn-ún, 2011.

Àbúrò mi Nolíìn,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Trẹ́fọ̀ ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í sílẹ̀? Ẹ̀kọ́ ilé ló jẹ́ kí n kí yín, ṣùgbọ́n má ṣe rò pé inú mi dùn sí ọ. Inú ń bí mi gidigidi.

Láti ìgbà tí o ti fi Dígà ajá rẹ sílẹ̀ fún mi kí ẹ lè lọ gbafẹ́ létíkun, bí ọmọ ni mo ṣe ń tọ́jú ajá náà. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú mo bá a tó ń wọ́ ìdí nílẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbé e mọ́, gbogbo ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Mo pè ọ́, ìwọ lo sọ pé Kọ́lìn aládùúgbò mi ló ju ẹran onímájèlé sí i, torí pé gbígbó ajá náà ti sú u. Mo gbà ọ́ gbọ́. Mo lọ sídìí ọgbà, mo bú bàbá arúgbó náà bí ẹni bú olè.

"Glẹ́nìs, ṣé orí ẹ ò dàrú báyìí?" ló fi dá mi lóhùn. "Pẹ̀lú bí ẹran ṣe wọ́n tó yìí, kí n wá máa jù ú fún ajá Nolíìn? Jọ̀ọ́, kúrò lẹ́nu ọgbà mi!" Kò tíì kí mi láti ọjọ́ náà.

Mo gbé ajá náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, ó sì bi mí bóyá igi makadámíà wà lẹ́yìnkùlé wa. Mo ní rárá o, bọ́púlù ìyá mi nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ní kí n ṣàpèjúwe rẹ̀, mo sì sọ bí kóró rẹ̀ ṣe le tó, àti bí eku ṣe máa ń fọ́ ọ sílẹ̀.

"Háà, mà! Makadámíà náà nìyẹn! Èèyàn lè jẹ ẹ́ o, ajá ò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án."

Ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀ ní Gímpì? Ara páálí inú ṣọ́ọ̀bù nìkan ni mo ti ń rí orúkọ yẹn. Dókítà ní ara ajá náà yóò yá kíá, ó sì yá.

Mo wá pè ọ́ láti ròyìn fún ọ. N kò tíì sọ̀rọ̀ délẹ̀ tí o fi ní, "Ó tún jẹ ẹ́ ni?"

Tún, Nolíìn! Ó ti jẹ ẹ́ rí nílé rẹ. O mọ̀ ọ́n, o sì mọ igi tó wà níbí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà ọ́ pé tí mo bá gbọ́, n kò ní gba ajá náà. O wá jẹ́ kí n lọ fi ẹnu ara mi ba àárín èmi àti Kọ́lìn jẹ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tìrẹ ò tiẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ kan.

Mo tún gbọ́ pé Trẹ́fọ̀ ń gbé ayùn ẹ̀rọ bọ̀ ní Sátidé láti wá gé igi náà. Kó dán an wò! Mo ti fi wáyà yí ìdí rẹ̀ ká, mo sì ń ṣa kóró tó bá já bọ́ kí n tó ṣílẹ̀kùn fún ajá. Igi náà kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Bá mi kí àwọn ọmọ, àwọn kò ṣẹ̀ mí. Tí o bá ń bọ̀ wá mú ajá rẹ, ilé Kọ́lìn ni kí o kọ́kọ́ yà. Kan ilẹ̀kùn, kí o sì fi ẹnu ara rẹ sọ fún un pé o mọ̀. Títí o fi máa ṣe bẹ́ẹ̀, ajá mi ni Dígà.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí inú ṣì ń bí,
Glẹ́nìs.