Sílébù Mẹ́jọ Péré

Wàsílátù ọmọ mi,

Bísíríyù tó ń tún fóònù ṣe ní Òkè-Balógun sọ fún mi, ó sì na ìka sókè bí ìmáàmù lórí mínbárì, pé láyé tí a wà yìí, kò sí ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu ọmọ ènìyàn wọnú fóònù tí ẹ̀rọ kì í kà ní sílébù kọ̀ọ̀kan, kó sì gba owó sílébù kọ̀ọ̀kan. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní gbogbo àgbáyé. Bísíríyù ò tíì kọjá Ìtòíkín rí, ṣùgbọ́n ó mọ àgbáyé.

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Onílé rẹ ní Ìtamaga ńkọ́, ṣé ó ti tún òrùlé ṣe? Èmi náà wà, mo dúpẹ́. Igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé so lọ́dún yìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò kàn sí ẹni tó ń mu ún ni, láti ìgbà tí ìyá rẹ ti fi wá sílẹ̀.

Mo gba Bísíríyù gbọ́ kíákíá, nítorí ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi ń kọ́ ọmọ aráyé ní sílébù tí ẹnikẹ́ni ò bìkítà, inú mi sì dùn pé ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Àánú rẹ wá ṣe mí. Gbogbo ìgbà tí o bá pè mí, tí mo ń ro ẹjọ́ ewúrẹ́ aládùúgbò fún ọ, owó rẹ ni mo ń jẹ! Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ, nígbà tí o pè kẹ́yìn, pé: “Mo wà. Ó dáa. Ó dàbọ̀.” Sílébù mẹ́jọ péré. O bi mí bóyá mo ń bínú, mo ní rárá, méjì sí i nìyẹn, mo sì pa fóònù.

Ewì kan wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà tí mo gbé mì, ìlà méjì, sílébù méje méje:

Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kò gbàgbé
ẹsẹ̀ ọmọ tó wẹ̀ rí.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé, o ò pè mọ́. Tẹ́lẹ̀, o máa ń kọ ọ́ ránṣẹ́ pé, “Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá mi, ṣé ẹ jí dáadáa?” Mẹ́rìndínlógún. Nígbà tó yá, “Ó dáa, bàbá.” Márùn-ún. Ní báyìí, àwòrán àtàǹpàkò lo ń fi ránṣẹ́. Mo yí fóònù síhìn-ín sọ́hùn-ún, mi ò rí sílébù kankan nínú àtàǹpàkò. Mo ní ọmọ yìí náà ti ń ṣọ́ owó ná.

Ṣé o rántí bí a ṣe ń fi àtẹ́wọ́ ka orúkọ rẹ, tí o kì í fẹ́ jẹun àfi tí mo bá pa á dá ọ lóhùn? Wà-sí-lá-tù. Mo pa á lánàá ní pálọ̀, lẹ́ẹ̀mẹrin. Agnes ará ilé kejì yọjú lójú fèrèsé, ó ní, “Tísà, ẹ̀fọn yìí mà pọ̀ lónìí o.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Adéòjó tó ń wakọ̀ lọ sí Ìkòròdú lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún ni mo fi lẹ́tà yìí rán, torí bébà kì í ka sílébù. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Kì í ṣe ti oúnjẹ, ẹja wà nílé. Káàdì ni mo fẹ́ rà, tó máa gba ọ̀rọ̀ gígùn, kí n lè pè ọ́ fúnra mi, kí n sì ro ẹjọ́ ewúrẹ́ yẹn dópin.

Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹni tí o bá pè máa dá ọ lóhùn. Ilẹ̀kùn ò ní pa dé mọ́ ọ. Èmi ni bàbá rẹ.

Ohun kan ló kù kí n tó lẹ àpò-ìwé yìí pa. Nígbà tí o pè mí kẹ́yìn yẹn, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kígbe lẹ́yìn rẹ pé, “Wàsí!” Méjì péré. Ṣé ẹnì kan wà ní Ìtamaga tó ń pe orúkọ rẹ tán?