Mo Dé Ẹnubodè Pẹ̀lú Káàdì Rẹ

Ọmọ mi àtàtà, àrẹ̀mọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé òtútù ìlú yín ò kọjá agbára ẹ̀wù tí mo rán fún ọ? Ẹlẹ́dàá tó dá ọ sí láti inú mi yóò máa dá ọ sí lọ. O ò ní fẹsẹ̀ kọ, ibi tí o bá sì wọ̀, wọn ò ní bi ọ́ pé ta ló pè ọ́. Bí o bá ń bèèrè wa, àlàáfíà ni a wà. Bàbá rẹ kí ọ. Ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ti jiná pátápátá, wọ́n ti ń ka ìwé ìròyìn àtijọ́ tí mo fi ń gé bátánì aṣọ, wọ́n sì ń bínú sí ìjọba tó ti kúrò lórí oyè láti ọjọ́ pípẹ́. Máṣíìnì mi tún ń já òwú, ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀ mọ ọwọ́ ara wa.

Nígbà tí o pè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn pé ìwé rẹ ti jáde, pé wọ́n ti sọ ọ́ di olùgbé ìlú yín tí ẹnikẹ́ni ò lè lé mọ́, mo jó yí máṣíìnì ká lẹ́ẹ̀mẹta. O mọ̀ pé èmi náà lọ́wọ́ nínú ìwé yẹn. Nígbà tí fọ́ọ̀mù bèèrè orúkọ ìyá àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, èmi ni mo ránṣẹ́ pé ọdún tí ìjì ṣí òrùlé ilé ìwé ni wọ́n bí mi, mo ní kí o fi kún un pé mi ò bá ẹnikẹ́ni jà rí, mo sì ní kí o bá mi kí ẹni tó máa ka fọ́ọ̀mù náà, kí o bèèrè ìyàwó àti àwọn ọmọ. O rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ṣé o wá rí i báyìí pé ìkíni kì í ṣòfò?

Fọ́tò káàdì náà tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ńṣe ni mo gbé fóònù ọ̀hún pẹlẹbẹ lọ́wọ́ kí káàdì má baà dà sílẹ̀, mo gbé e dé ọ̀dọ̀ onífọ́tò lójú títì. Ó bá mi sọ ọ́ di ńlá tó ìrọ̀rí, ó sì fi ọ̀rá bò ó. Mo wò ó, mo ronú sí i. Kí o tó gba ìwé yìí, ìrìn àjò rẹ kì í ṣe ìrìn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo wá sílé láàárín ọdún márùn-ún, nígbà tí o sì ń padà, wọ́n mú ọ jókòó nínú yàrá kan lẹ́nubodè láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi ọ́. Láti ìgbà yẹn lo ti ń sọ pé bí o bá tún jáde kí ìwé tó dé, wọ́n á da fọ́ọ̀mù rẹ nù. A gbà. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú bàbá rẹ, o sunkún lórí fóònù pé ìwé ò tíì jáde, àwa la tún ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún.

Ìwé wá jáde. Mo sọ fún bàbá rẹ pé kí ló dé tí a fi ń dúró kí ó wá, nígbà tí a lè lọ? Ẹni tó bí ẹni tó ni káàdì, ṣé wọ́n tún máa bi í ní káàdì tirẹ̀ ni? Bàbá rẹ ní ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jiná ni, kí wọ́n farabalẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọkọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo di aṣọ mẹ́ta, mo mú abẹ́rẹ́ àti òwú dání nítorí bọ́tìnnì rẹ, mo sì fi àwòrán káàdì sáàárín aṣọ kó má baà ká. Gbọ̀ngàn kan ni ẹnubodè náà, ó mọ́ tónítóní, wọ́n fi okùn pín èèyàn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, gbogbo wọn dákẹ́ bí ẹni tí olùkọ́ ń bọ̀ wá nà. Èmi nìkan ni mo ń kí wọn. Ní fèrèsé àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n wo ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò. Mo tún gèlè mi ṣe, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, ọmọbìnrin ibẹ̀ ní kí n má rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ló kú? Ó ní kí n gbé ìka lé gíláàsì kan tó ń tànmọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan. Ó ní kí n nu ọwọ́, mo nù ún, ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan síbẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ọgbọ̀n ọdún ni abẹ́rẹ́ ti ń fá orí ìka yìí, kó bi àwọn oníbàárà mi, wọ́n á jẹ́rìí pé èmi ni. Ó ní kí n máa lọ sí fèrèsé kejì.

Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ lo awò ojú, kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ti tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ ń yún mi láti bá a rán an. Ó bèèrè ìwé ìrìnnà mi, mo tú ẹrù, mo na àwòrán rẹ sí i. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní màmá, ọkùnrin lẹni yìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo bí i, kó wo imú wa dáadáa. Ó ní ẹni tó ni káàdì nìkan ló lè fi wọlé. Mo bi í pé bí igi bá wọ ọgbà, ṣé gbòǹgbò rẹ̀ á dúró síta ni? Àwọn tó wà lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ṣí ọ̀nà. Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta péré, kí o ṣe onídùúró mi, bí mo bá pẹ́ kó mú ọ. Ó ní òfin ò mọ onídùúró.

Ṣùgbọ́n ó dá mi lóhùn jẹ́jẹ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó gbé àwòrán náà sábẹ́ iná, ó ka àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi èdè yín kọ, ó ní kí n má da ara mi láàmú, pé ẹni tó ni káàdì yìí lè wá kí mi nígbàkígbà tó bá wù ú, kó ṣáà ti má pẹ́ níta ju bí òfin ṣe wí, àti pé ó ti lè máa lọ máa bọ̀ bẹ́ẹ̀ láti oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Ó ní oṣù mọ́kànlá. Mo ní àwọn tó tẹ káàdì ló ṣe àṣìṣe, kó bá mi tún un ṣe, ọmọ mi kì í parọ́. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní kí wọ́n bá mi wá ọkọ̀ tó ń padà.

Nínú ọkọ̀ ni mo ti ka oṣù mọ́kànlá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣù tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá rẹ wà nínú wọn. Ọmọ mi, ó dùn mí. Ó dùn mí débi pé obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá èébì ló ń gbé mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Tìrẹ ò tiẹ̀ pé ọdún kan. Mo sunkún, mo nu ojú, mo wá rántí ìgbà tí o wá sílé yẹn. Aládùúgbò ń wọlé, ẹbí ń wọlé, kálukú ń bèèrè ohun tí o mú wá fún un, àbúrò bàbá rẹ sì sọ lójú gbogbo èèyàn pé ẹni tó ti òkèèrè dé, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n, àmọ́ tìrẹ yìí ò jọ ti òkèèrè. A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. O ò jáde nínú yàrá fún ọjọ́ méjì, a ní ó rẹ̀ ọ́ ni. Mo rò ó títí ọkọ̀ fi délé: kì í ṣe ẹnubodè ló dá ọ dúró lọ́dún yìí, àwa ni. Bí mo bá ṣì í rò, wá bá mi wí lójúkojú.

Mi ò tíì sọ fún bàbá rẹ. Mo ní ẹnubodè wà ní títì lọ́jọ́ tí mo dé ibẹ̀, pé wọ́n ń kùn ún. Wọ́n bi mí pé ọ̀dà wo ni wọ́n fi kùn ún. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bèèrè ọjọ́ tí o máa dé, wọ́n ní ojú àwọn ti jiná, ẹni tí àwọn fẹ́ rí ló kù. Mo ti lọ bá àbúrò wọn nílé, mo sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò lè kọ sínú lẹ́tà, kò ní dán an wò mọ́. Èmi náà ò ní bi ọ́ bóyá ọ́fíìsì lo wà tàbí ilẹ̀ lò ń gbá. Ilé làbọ̀ sinmi oko, oko yòówù kó jẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, nítorí lẹ́tà tí ìyá kò ti bèèrè owó, ọmọ á rò pé ẹlòmíì ló kọ ọ́. Owó oṣù yìí, má gbé e lọ sí báńkì, ọmọbìnrin ibẹ̀ á kàn ka owó mi lójú gbogbo èèyàn. Fi jẹun lọ́nà. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti parí: awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá fún ọ, mo ti rán aṣọ iṣẹ́ mẹ́rin fún un, ìjókòó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, tìrẹ ni. Mo sọ fún un pé o máa wá. Mi ò fi bóyá kún un.

Ọ̀nà á là fún ọ ní àlọ, á là fún ọ ní àbọ̀. Ohun tí o ń fi pamọ́ fún wa, Ọlọ́run á fi ayọ̀ rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ lẹ́nubodè pé kí lo rù, sọ pé o ò ru nǹkan kan, má tijú. Ìwọ ni mo bí, mi ò bí ẹrù.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.