Fíríìjì Tí Kì Í Dún

Verna, àbúrò mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ohio? Ara wa le nínú aṣálẹ̀ Arizona níbí, nínú ọkọ̀ tí a sọ dilé.

O bi mí pé fíríìjì wo la rà. Ti gáàsì ni. Oníná máa ń jẹ bátìrì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, tí òòrùn ò bá sì ràn sórí sólà, ó parí nìyẹn. Ti Orpha, aládùúgbò wa, ń kùn bí oyin tọ̀sán-tòru. Tiwa kì í dún rárá. Iná gáàsì kékeré kan ló ń jó lẹ́yìn rẹ̀, òun ló ń mú un tutù. Wendell ọkọ mi ti fi fóòmù dí ihò ẹ̀yìn rẹ̀ tó jáde síta nítorí òtútù òru, ilé sì móoru dáadáa.

Orí kàn ń fọ́ wa díẹ̀ ni. Wendell ti ń sùn láti àná, ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti ọmọ tuntun. Agogo tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ olóró ò yéé ké, mo bá yọ bátìrì rẹ̀.

Orpha wá kanlẹ̀kùn. "Maudie! Èéfín tó yẹ kó gba ihò yẹn jáde ló ń wọlé bá yín! Ṣí fèrèsé, àbí ẹ fẹ́ kú síbẹ̀ bí eku?"

Mo ní, "Ṣé kí n máa ra gáàsì fi mú gbogbo aṣálẹ̀ móoru ni?" Ó ní òun ń lọ pe ọlọ́pàá. Ẹjọ́ wẹ́wẹ́!

Màmá wa ló jókòó ti fíríìjì yẹn. Láti ìgbà tí a ti sin ín, ara rẹ̀ kò tíì dán báyìí rí. Ó ní, "Ọmọ mi, o ti ṣiṣẹ́ jù, wá sùn."

Bá mi kí àwọn ọmọ. Mo ní kí Wendell kí ọ, kò dáhùn. Màmá kí ọ o.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Maudie