Ẹ̀jẹ̀ Mi Ni Wọ́n Yẹ̀ Wò, Ọkọ Mi Ló Ń Jó

Wọ́n ní mi ò ní éèdì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi n'Íbàdàn, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mi ò sì gbà wọ́n gbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ bá mi dá sí i, torí kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún ní gbogbo Ìlọrà tí ọ̀rọ̀ náà ò ní í ti dé Fìdítì kí n tó délé. Ẹ má bi mí lórúkọ. Ẹ ṣáà gbọ́ ẹjọ́ mi.

Tíṣà ni mí, ilé Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ mi. Ọkọ mi ní tiẹ̀, ọsàn Fìdítì ló ń fi ọkọ̀ àjàgbé kó lọ sókè Ọya. Ọkùnrin ni o, tàbí ohun tí wọ́n ń pè ní ọkùnrin... ẹni tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ sọ pé ebi ń pa òun, á kọ́kọ́ tún kọ́là ẹ̀wù ẹ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ ka ìròyìn. Ó ní obìnrin kan lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń já ọsàn sílẹ̀. Gbogbo ayé mọ̀, èmi náà mọ̀. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí mọ́, torí ọkùnrin tí ò lè dá omi ẹ̀bà gbé kaná, ta ló máa retí pé kó kó ara ẹ̀ níjàánu? Àfi bí awakọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀ kan ṣe jókòó sí pálọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, tó mu ẹmu yó, tó wá ní obìnrin náà ti kú, pé ó gbẹ tán kó tó kú, àti pé dókítà ibẹ̀ ló pe orúkọ àìsàn náà fáwọn ẹbí ẹ̀. Éèdì. Mo wo ojú ọkọ mi. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ gbá ikùn, ó ní ṣé irú ikùn báyìí ni éèdì ń wọ̀, pé àwọn tó rù ló ń mú. Bẹ́ẹ̀ ló wí o. Ikùn ni àyẹ̀wò tiẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti kó ẹní mi lọ sí yàrá àwọn ọmọ. Mo purọ́ fún hẹdimásítà pé àbúrò mi bímọ, mo wọ mọ́tò, ó di Ìbàdàn. Nọ́ọ̀sì tí mo bá nílé ìwòsàn, ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ló yọjú sí gbogbo wa tó pariwo pé àwọn wo ló wá fún ti éèdì. Ẹni tó wá fún ti jẹ̀díjẹ̀dí pàápàá sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní ó mọ́, àmọ́ pé nǹkan náà lè sá pamọ́ níbẹ̀rẹ̀, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Mo padà lọ. Ó ṣì mọ́. Dókítà, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ kan, ní níwọ̀n ìgbà tí mi ò tíì bá ọkọ mi sùn láti ìgbà yẹn, kí n lọ fọkàn balẹ̀, àmọ́ ara tèmi nìkan ni àyẹ̀wò náà ń sọ o, kí ọkọ mi fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá. Ó yé mi. Orí mi gbà, ọkàn mi ló kọ̀. Kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀, mo ti yọ ahọ́n sí dígí, mò ń wá funfun tí wọ́n ní éèdì máa ń kó síbẹ̀. Ibà lásán bá mú mi, mo ti ń pín aṣọ òkè mi fáwọn ọmọ lọ́kàn. Bí wọ́n bá ṣi ìgò gbé ńkọ́? Bí oníṣingọ́ọ̀mù yẹn bá kọ orúkọ mi sára ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì ńkọ́? Lẹ́ẹ̀mejì náà ńkọ́?... Ṣé ẹ rí ayé mi? Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì. Bí mo bá ti ń yọ ahọ́n yẹn, ara mi ló kọ́kọ́ máa ń rí mi lára.

Ibi tí mo ti gọ̀ jù ni pé mo sọ fún ọkọ mi. Mo rò pé ojú á tì í ni, á lọ yẹ tiẹ̀ wò. Háà! Ó na apá méjèèjì, ó ní, "Tèmi náà mọ́ nìyẹn. Ṣebí ara kan ni tọkọtaya, Bíbélì ló wí." Ẹni tí ò mọ ibi tí Bíbélì wà nínú ilé! Mo ní dókítà ní ó lè wà lára ẹnì kan kó má sí lára ẹnì kejì. Ó ní dókítà ń wá oníbàárà ni. Ó sáré lọ bá ìyá ẹ̀ ní Fìdítì, ìyá ìjọ ni ìyẹn nínú ìjọ Aládùúrà kan, ni ìyá bá gbé ìdúpẹ́ kalẹ̀ pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ òun àti ìyàwó ẹ̀ wò, pé ó mọ́. Wòlíì wá fi iyọ̀ sí i, ó ní àìsàn náà ti wà lára wa tẹ́lẹ̀, àdúrà ìjọ ló fọ̀ ọ́ dànù. Ẹ bá mi wò ó o. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, òun ni wọ́n fi sọ mí di ẹni tó ti ní in rí! Ọkọ mi yá sùtánà tí ò dé e lọ́rùn ọwọ́, ó ń jó, ikùn ń jó tẹ̀lé e, èmi di àbẹ́là mú bí ẹni tó wá sin òkú. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ìyá ọmọ kan níléèwé ti ní kí n má bó ọsàn fọ́mọ òun mọ́, bí ẹni pé inú ọsàn ni éèdì ń gbé.

Ìdúpẹ́ parí, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn yàrá tí mo sá sí. Mi ò ṣí. Ló bá pe ẹbí lé mi lórí. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ bi mí pé bí ẹ̀jẹ̀ wa bá mọ́, kí ni mò ń sá fún. Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá, tèmi ló mọ́, mi ò mọ tiẹ̀." Wọ́n mirí, wọ́n ní ìwé ló bà mí jẹ́, pé bí ọkọ bá sú mi, kò sú ẹlòmíì.

Wọ́n ti rí ẹlòmíì náà. Ọmọbìnrin kan ni, ní Akínmọ̀ọ́rìn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríídọ̀mù iṣẹ́ aránṣọ. Bàbá ẹ̀, àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́, ṣe ohun tẹ́nikẹ́ni ò ṣe nílé wa. Ó béèrè. Ó ní ṣé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkọ ọmọ òun wò, torí òun ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa àwọn awakọ̀ òkè Ọya. Ọkọ mi ní wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, kó lọ bi ìjọ. Bàbá náà lọ bi ìjọ, ìjọ jẹ́rìí sí i. Ó tán. Èmi tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó bi mí. Mo bẹ ọkọ mi... èmi bẹ̀ ẹ́ o, kó lọ yẹ ara ẹ̀ wò kó tó fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní ìbàjẹ́ ènìyàn ò dá iṣẹ́ Olúwa dúró.

Ọmọ náà wá kí mi níjelòó. Mo ti to èébú sẹ́nu dè é. Ó kúnlẹ̀, ó gbé aṣọ kan fún mi tó fọwọ́ ara ẹ̀ rán, ó ní, "Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń dẹ́rù bà mí pé awakọ̀ ni mo fẹ́ fẹ́, mo ní tèmi ti ṣe àyẹ̀wò. Ọkàn mi ti balẹ̀." Gbogbo ìgbà tí mo ti ń kanra mọ́ àwọn èèyàn yìí, ìyá, wòlíì, ọkọ, mo wá ìkanra tí n ó kan mọ́ ọmọ yìí, mi ò rí i. Ẹ̀jẹ̀ mi ló fi ọkàn balẹ̀. Mo la ẹnu, ìyá ọkọ mi wọlé, mo pa á dé.

Bí mo bá lọ bá bàbá ẹ̀ lÁkínmọ̀ọ́rìn, wọ́n á ní owú orogún ni. Ìyáálé wo ni wọ́n tíì gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀ rí lórí ìyàwó tuntun? Ṣọ́ọ̀ṣì á ní mò ń pe Ọlọ́run nírọ́, ìdajì kíláàsì mi á kó ọmọ wọn lọ. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi mọ́ lóòótọ́ ńkọ́? Mi ò mọ̀. Òun náà ò mọ̀, kò sì fẹ́ mọ̀. Ṣé kí n mú ọmọ náà wọ mọ́tò lọ bá dókítà fúnra ẹ̀? Ṣé á tẹ̀lé mi? Tàbí kí n dákẹ́ kí n máa wo ahọ́n tèmi lọ? Ẹ̀yin àgbà, ẹ má sọ pé kí n gbàdúrà, wọ́n ti fi àdúrà bà mí nínú jẹ́ tó. Èmi ìyáálé ni wọ́n ní kí n bu omi wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà, kí n sì súre fún un pé ilé tó wọ̀ yìí á sàn án. Wọ́n ti ra igbá tuntun sílẹ̀. Ẹ dákun, nígbà tí ọmọ yẹn bá na ẹsẹ̀ síwájú mi, kí ni kí n ṣe?